Ẹ̀jẹ̀ Ọgbọ̀n Akàn

Ọjọ́ tí akàn Basheerah dé láti Zungeru ni ìjọba kéde ìsinmi. Wọ́n ti láàbù pa títí di ọjọ́ Ajé, méjì nínú akàn méjìlélọ́gbọ̀n náà sì ti kú sínú àpò. Iṣẹ́ tí Basheerah fẹ́ fi gba oyè kejì ní yunifásítì kò gba òkú. Ẹ̀jẹ̀ alààyè ni Dókítà Akínlabí, ọ̀gá tó ń darí ìwádìí rẹ̀, ń retí. Basheerah bá kó abẹ́rẹ́, àwọn ìgò tíńtìntín àti oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ó gbé akàn wọ kẹ̀kẹ́, ó di ilé wọn ní Limawa, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń ta yìnyín.

Bàbá rẹ̀, Alfa Àbdùlgàfárù, olùkọ́ ilé kéú, bá a lórí ẹní.

"Kí lò ń ṣe fún akàn yìí?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ gbà lára rẹ̀, Bàbá."

"Akàn kò ní ẹ̀jẹ̀."

Basheerah ki abẹ́rẹ́ bọ ibi rírọ̀ ní ìdí ẹsẹ̀ akàn, ó rọra fà á. Omi kan wọlé, ó mọ́ gaara. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó dà bí aró tí omi pọ̀ nínú rẹ̀.

Alfa wò ó títí. "Omi ara ni. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn la kà nínú ìwé pé ó ń sọ aṣọ di aláìmọ́. Bí èyí bá ta sí ọ láṣọ, máa kírun rẹ lọ."

"Ẹ ṣé, Bàbá."

Akàn kejì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sá sábẹ́ àga. Ẹ̀kẹta náà bọ́. Alfa ṣí fìlà, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó jókòó. "Mú abẹ́rẹ́ rẹ. Èmi á dì wọ́n mú."

Bísímílà ló fi ń mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní orí ìkọkànlá, akàn náà gé e ní àtàǹpàkò. "Haba," ló wí, bí ìgbà tí ọmọ kéú bá ṣi kà. Ẹ̀jẹ̀ pupa kán sórí ẹní. Ó wò ó.

"Èyí ni ẹ̀jẹ̀."

Ó lọ fọwọ́, ó padà wá jókòó.

Láti ọdún méjì tí Basheerah ti ń lọ sí yunifásítì ní Gidan Kwano, bàbá rẹ̀ kò bi í léèrè ohun tó ń kọ́ rí. Orí ìkejìlá ló ti béèrè: "Kí lo fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ yìí mọ̀?"

Basheerah ní àwọn kan ń fọ wúrà lápá òkè odò tí wọ́n ti kó akàn náà. Bí ìdọ̀tí rẹ̀ bá wọ omi, ara akàn ló máa kọ́kọ́ sọ. Ó ṣàlàyé dé orí ìkẹtàdínlógún.

Ìyá rẹ̀, Ràhímátù, gbé yìnyín wọlé. "Ẹ mọ̀ pé títà ni mò ń ta yìnyín yìí?" Ó kó o yí àwọn ìgò náà ká fúnra rẹ̀. "Ọbẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí ọbẹ̀ níbẹ̀, Màmá."

Kí wọ́n tó pe ìrun alásárì, ìgò pé ọgbọ̀n, wọ́n sì kó wọn sínú fírísà.

Lọ́jọ́ Ajé, Dókítà yẹ̀ wọ́n wò. Méjì ti dúdú, méjìdínlọ́gbọ̀n dára.

"Ta ló bá ọ dì wọ́n mú?"

"Bàbá mi, sà."

"Òṣìṣẹ́ láàbù ni wọ́n?"

"Alfa ni wọ́n, sà."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní bóyá Alfa á ráyè fún ogún akàn mìíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Basheerah ní òun á béèrè.