Ọlọ Ilé Ọ̀pọ̀tọ́

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí ata ta sí Domitila lójú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ju ọmọ ọlọ sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì gbàgbé pé ẹ̀yìn ọwọ́ náà kún fún ata. Obìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè fò sílẹ̀ láàárín ilé ìdáná bí ọmọ ọdún méje.

"Omi! Nieves, omi dà?"

Nieves, tó ń bá a ṣiṣẹ́ nílé ìdáná, ti gbé omi dání kí ó tó pariwo. Ó bù ú sí i lójú, kò sì sọ nǹkan kan. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn gan-an ni ó ń bí Domitila nínú.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ ni, ọjọ́ àjọ̀dún ìlú Arequipa. Láti ìdájí ni wọ́n ti ń yin ìbọn àjọ̀dún lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn onífèrè sì ti ń dán fèrè wò ní ìkóríta. Bí ọjọ́ bá pé ọ̀sán, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ìyá olóúnjẹ yóò wọlé. Ẹgbẹ́ náà ní ìwé kan tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ilé oúnjẹ àtijọ́ sí, Ilé Ọ̀pọ̀tọ́, ilé oúnjẹ Domitila, sì wà nínú rẹ̀ láti ayé Casimira, ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ lọ́dún yìí pé àwọn kan ń fi ẹ̀rọ lọ ata ní kọ̀rọ̀, wọ́n sì fi òfin tuntun lélẹ̀. Lójú wọn ni ìyá ilé gbọ́dọ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ yatan, ìyẹn ata rokóto tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ ewé olóòórùn tí wọ́n ń pè ní wakatái, lórí ọlọ ilé rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ̀, wọn yóò pa orúkọ ilé rẹ̀ rẹ́.

Ká má tan ara wa, ó ti lé ní ogójì ọdún tí Domitila ti fọwọ́ kan ọlọ gbẹ̀yìn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó kí àlejò, kí ó bu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àgbàdo dúdú, kí ó mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ àti ẹni tí kò yẹ kí á fi sídìí tábìlì kan náà pẹ̀lú àna rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Kò sì sí ẹni tó jẹun níbẹ̀ rí tí kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé ìyá òun ni ó lọ ata lórí ọlọ yẹn títí òkúta fi jìn.

Ọlọ náà tóbi tó ibùsùn ọmọdé. Wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ibì kan ṣoṣo ni ènìyàn sì lè dúró sí lò ó. Ọmọ ọlọ rẹ̀ rí rìbìtì nísàlẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń dì í mú, wọ́n á sì máa yí i sọ́tùn-ún, sósì. Bí Domitila bá ti yí i sọ́tùn-ún, ata á fò. Bí ó bá yí i sósì, ọmọ ọlọ á yọ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"O ti yí ọlọ yìí," ó wí, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Kí ni mo yí, Màmá? Òkúta tí ọkùnrin mẹ́fà ò lè gbé?"

"O ti fi nǹkan há abẹ́ ẹ̀. Ó ń yẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Torí mo ní o ò ní lọ jó lónìí, àbí?"

 Ní ọjọ́ Àìkú ni Nieves ti tọrọ àyè pé kí òun lọ bá àwọn ará ìlú ìyá òun, tí wọ́n ń bọ̀ láti orí òkè, jó nínú ìwọ́de. Domitila ní, ta ni yóò dúró ti ìkòkò? Ó ní, ìlú wo ló ń jẹ́ ìlú ìyá rẹ, ìgbà wo lo débẹ̀ gbẹ̀yìn?

Nieves na ọwọ́ sí ọmọ ọlọ. "Ẹ jẹ́ n ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀."

"Fi sílẹ̀! Tóo bá lọ̀ ọ́ fún mi nísinsìnyí, ṣé ìwọ lo máa lọ̀ ọ́ fún mi níwájú wọn?"

Nieves padà sídìí ọbẹ̀ edé rẹ̀. Domitila bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka wa ìdí ọlọ, ó ń wá èèkàn tàbí òkúta wẹ́wẹ́ kan. Erùpẹ̀ nìkan ló bá níbẹ̀. Ẹ̀rù wá bà á gidi.

Kí ó tó di ọ̀sán, abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ ti kún fọ́fọ́. Bàbá Evaristo, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó sí orí àga tó ti ń jókòó sí láti ogójì ọdún.

"Domitila, wọ́n níwọ ló máa lọ ata lónìí. Mo ti ní kí wọ́n gbé omi tútù wá o. Mi ò kàn tíì mọ̀ bóyá ọ̀fun ni mo máa dà á sí tàbí ojú."

"Bàbá Evaristo, ẹ fi ẹnu yẹn mu ọbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi ápúrọ̀nù nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá pa orúkọ ilé yìí rẹ́, ojú wo ni òun yóò fi wo àwọn ènìyàn yìí? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Àwọn àgbà dé. Ìyá Petronila, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ló ṣíwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, akọ̀wé sì gbé ìwé tẹ̀lé e. Kò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé pé ó ti pa orúkọ ilé méjì rẹ́ láàárọ̀ yẹn, àti pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti àbúrò rẹ̀ ọmọ ìyá.

Wọ́n wọ ilé ìdáná. Àwọn àlejò dì mọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń yọ orí wò. Domitila da ata sórí ọlọ, ó já ewé sí i, ó bu iyọ̀ lé e. Ó di ọmọ ọlọ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Ata fò. Ó ṣà á padà. Ó tún yí i, òkúta kọlu òkúta pẹ̀lú ariwo burúkú kan. Omi ata ń ṣàn lọ sósì, ó ń kó jọ síbi tí ọmọ ọlọ kò dé lọ́wọ́ rẹ̀. Kóró ata ṣì wà ní odindi, ewé kàn fàya lásán. Òógùn bo ojú rẹ̀. Ó ń gbọ́ bí wọ́n ti ń mí lẹ́nu ọ̀nà.

"Dúró," Ìyá Petronila wí.

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ fún akọ̀wé, ó tẹ̀ ba, ó gbá ata náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ lé òkúta, ó sì ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀, láti ọ̀tún lọ sósì.

"Ta ló lo ọlọ yìí?"

"Ìyá mi ni. Casimira."

"Mo mọ Casimira. A jọ lọ sílé ìwé ni. Ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ló fi ń gbá mi létí, kò sì jọ pé ó fẹ́ràn mi." Ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì pa á mọ́ra. "Wá fọwọ́ kàn án fúnra ẹ. Apá òsì ti jìn bí àwo ọbẹ̀, apá ọ̀tún ṣì ga. Ẹni tó jẹ òkúta yìí, òsì ló ń lò. Casimira ò lo òsì. Ìwọ náà ò lo òsì. Ta ló ń lo òsì nílé yìí?"

Domitila fi ọwọ́ kan ọlọ. Ó mọ̀ ọ́n kí ó tó kàn án.

Satuca ni, ìyá Nieves. Ọmọbìnrin tó ti orí òkè wá ṣiṣẹ́ fún Casimira, tó sì wà nídìí ọlọ yìí títí ó fi kú, tí Nieves fi gba iṣẹ́ náà. Domitila rí i bí ẹni pé àná ni: Casimira ń fi aṣọ so ọwọ́ òsì Satuca mọ́ ìdí rẹ̀, ó ní àlejò ò gbọdọ̀ rí i pé ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń lọ oúnjẹ àwọn. Bí Casimira bá ti jáde lọ kí àlejò, Satuca á fi eyín tú aṣọ náà, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Bí èèyàn pàtàkì bá fẹ́ yọjú sí ilé ìdáná, Casimira á sáré wọlé, á ti ọmọbìnrin náà kúrò, á sì fi omi ata ra ọwọ́ ara rẹ̀. Domitila kékeré rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Ó máa ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó gbàgbé eré náà, ìtàn tí ìyá rẹ̀ ń sọ fún àlejò nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Irọ́ ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti ṣetán. Ó lè ní àlòkù ni wọ́n ra ọlọ náà. Ó lè ní kò sẹ́ni tó ń lo òsì. Ó wo ibi tí Nieves wà nídìí ààrò, tó ń ro ọbẹ̀, tó fi ẹ̀yìn sí wọn. Nieves kò ní sọ̀rọ̀. Ó dá Domitila lójú pé kò ní sọ̀rọ̀, ìdánilójú yẹn ló sì dùn ún wọnú egungun.

"Nieves. Wá."

"Èmi, Màmá?"

"Ìwọ ni. Wá lọ ata."

Nieves nu ọwọ́, ó wá dúró sídìí ọlọ, ó sì fi òsì ṣíwájú. Ìró òkúta yí padà kíá, ó rọlẹ̀, ó ń lọ déédéé. Ata kan kò fò. Kò pẹ́ tí òórùn wakatái fi gba gbogbo ilé, àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé itọ́ mì. Ìyá Petronila fi ọ̀dùnkún bíbọ̀ kan tọ́ ọ wò. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó mú òmíràn.

"Ohun tí mo ti ń jẹ níbí láti ogójì ọdún nìyẹn," Bàbá Evaristo wí jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ẹ̀rọ kọ́ ló lọ èyí. Ilé yìí wà nínú ìwé," Ìyá Petronila wí. Domitila mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó ń lọ ata là ń kọ, kì í ṣe ẹni tó ń kí àlejò. Akọ̀wé, fagi lé ti Casimira. Kọ tuntun."

Akọ̀wé ṣí ìwé. "Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Nieves," Domitila wí. Kò le tó bí ó ti rò.

"Nieves ta ni?"

Domitila ya ẹnu láti dáhùn. Ó mọ eyín tó máa ń ro Nieves nígbà òtútù. Ó mọ ìwọ̀n bàtà rẹ̀. Ó mọ̀ pé kì í jẹ ẹ̀dọ̀, àti pé bí àrá bá ń sán, kì í lè sùn. Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n ti jọ wà nínú ilé yìí. Ó rántí ọjọ́ tí wọ́n sin Satuca, tí ẹni tó kun àgbélébùú béèrè ohun tí òun yóò kọ sí i, tí òun Domitila sì dá a lóhùn láìronú pé, "Kọ Satuca. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀." Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Nieves dúró sí lọ́jọ́ náà.

Akọ̀wé ń dúró. Domitila wo Bàbá Evaristo, Bàbá Evaristo sì wolẹ̀. Òun náà kò mọ̀ ọ́n.

"Nieves," ó wí níkẹyìn, lójú gbogbo wọn, "kí ni orúkọ ìdílé yín?"

Nieves kò wò ó. Akọ̀wé ni ó kọjú sí.

"Huayapa," ó wí. Ó tún un pè díẹ̀díẹ̀, kí akọ̀wé má bàa kọ ọ́ ṣì. "Ẹ kọ́kọ́ kọ ti màámi. Saturnina Huayapa, ẹni tí wọ́n ń pè ní Satuca. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá kọ tèmi."

Domitila dúró láàárín ilé ìdáná rẹ̀, ó sì gbọ́ orúkọ náà fún ìgbà àkọ́kọ́, lásìkò kan náà tí àwọn àlejò gbọ́ ọ.