Ìbò Tí Ephraim Dì

Ẹsẹ̀ la fi rin máìlì méjìlá lọ síbi ìdìbò lóṣù kọkànlá ọdún 1876. Obìnrin ò lẹ́tọ̀ọ́ àtidìbò ní South Carolina nígbà yẹn, síbẹ̀ mo tẹ̀lé Isham ọkọ mi àti Ephraim àbúrò rẹ̀. Mo gbé ìbọn sábẹ́ aṣọ ìbora mi. Kò tíì ju ọdún mọ́kànlá lọ tá a bọ́ lóko ẹrú, àwọn òyìnbó ẹlẹ́ṣin aláṣọ pupa tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà sì fẹ́ dá wa padà síbẹ̀.

"Ephraim, ta lo fẹ́ dìbò fún?" ọ̀kan nínú wọn bi í.

"Ẹni tó wù mí ni, sà. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yẹn ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí à ń padà bọ̀, ìbọn dún nínú igbó, Ephraim ṣubú lẹ́sẹ̀ mi. N ò rí ẹnì kankan tí ǹ bá yìnbọn fún.

Oṣù mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi jà ní Washington lórí ẹni tó wọlé sípò ààrẹ. Nígbà tó yá, wọ́n ní ẹni tiwa ni. Kò pẹ́ tí ààrẹ tuntun náà, torí àdéhùn tó bá àwọn ọ̀tá wa ṣe, fi ní kí àwọn sójà tó ń dáàbò bò wá fi ibi tí wọ́n wà sílẹ̀.

Lathrop, òyìnbó Boston tó ti ń lọ láti ilé dé ilé tó ń bẹ̀ wá pé ká jáde dìbò, wá kí wa pó dàbọ̀. Ẹrù rẹ̀ ti wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin.

"Ẹ kú oríire!" ó ní. "A wọlé!"

Isham ju ọkọ́ tó ń tún ṣe sílẹ̀. "Àwa wo? Sójà ti lọ. Ẹ̀yin náà ń lọ. Ta ló kù?"

"Òṣèlú le, Isham. Ọdún mẹ́rin ò ní pẹ́..."

N ò jẹ́ kó parí rẹ̀. Mo gbá a lọ́wọ́ mú, mo wọ́ ọ lọ sídìí sàréè Ephraim tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ephraim ló dìbò náà. Òun ni kó o kí kú oríire."

Ó ṣí fìlà.

"Sọ ọ́! Ṣebí ariwo lo máa ń pa lẹ́nu ọ̀nà wa!"

"Ephraim," ó ní, "a..." Ló bá bú sẹ́kún.

"Dorcas, fi í sílẹ̀," Isham ní.

Mo fi í sílẹ̀, àánú rẹ̀ ò ṣe mí. Omijé yẹn á ti gbẹ kó tó dé Boston.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ìdìbò mìíràn dé. Àwọn aláṣọ pupa, tó ti gbàjọba, ti gbé àpótí ìbò lọ sí òdìkejì odò, wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi tó ń gbéni sọdá ti bàjẹ́. Isham lúwẹ̀ẹ́ sọdá nínú òtútù yẹn. Nígbà tó délé, eyín rẹ̀ ń gbá pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́.

"Ṣé wọ́n jẹ́ kó o dìbò?"

"Wọ́n ní orúkọ mi ò sí nínú ìwé."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó da omi inú rẹ̀ nù, ó sì là á mọ́ ògiri.