Egbò Tí Kò Dunni

Ooru mú nínú yàrá aláìsàn náà, síbẹ̀ oníbàtà kò ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì àbúrò ìyàwó rẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di apá òsì mú bí ẹni tí òtútù ń mú.

Alápàárá ni gbogbo ènìyàn ń pe àbúrò ìyàwó yìí, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi nínú ṣọ́ọ̀bù tí àwọn méjèèjì ti ń fá awọ màlúù, tí wọ́n ń fi í rán bàtà. Lónìí, ọrùn rẹ̀ wú débi pé a kò mọ ibi tí àgbọ̀n parí sí. Ara rẹ̀ ń jó bí iná. Lábẹ́ etí rẹ̀, egbò kékeré kan wà, àárín rẹ̀ dúdú bí èédú.

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá kú, ẹ má fi bàtà tí ẹ rán sin mí o. Ó máa ń fún mi lẹ́sẹ̀."

"Panu mọ́," ni ìyá rẹ̀ wí láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì tẹ etí egbò náà jẹ́jẹ́. "Ṣé ó ń dùn yín?"

"Rárá. Ó kọ́kọ́ yún mi ni, bí ìgbà tí ẹ̀fọn jẹ mí."

"A ti ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn. Oògùn ibà la ń fún yín látàná. Awọ tí ẹ ń fá yìí, ṣé ti ẹran tí wọ́n pa ni, àbí èyí tó kú fúnra rẹ̀? Kòkòrò kan wà tó ń pa màlúù, kì í kúrò lára awọ."

"Odò ẹran ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń rà á," ni Alápàárá dáhùn.

"Ọkọ ọmọ mi kò lè ra òkú ẹran," ni ìyá fi kún un.

Oníbàtà ń wo ilẹ̀. Ó rí màlúù náà níbi tó kú sí létí omi, tí ẹ̀jẹ̀ dúdú ń ṣàn nímú rẹ̀ láì dì. Òun fúnra rẹ̀ ló bó awọ rẹ̀. Alápàárá ló gbé awọ náà lé èjìká wálé, ó ń kọrin, torí oníbàtà ti sọ fún un pé láti odò ẹran ni.

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ikú ẹni fúnra ẹni ni wọ́n ń wí, kì í ṣe ikú àbúrò ìyàwó ẹni.

Ó ká apá aṣọ sókè. Egbò dúdú kan náà wà níbẹ̀.

"Òkú ẹran ni, nọ́ọ̀sì. Mo parọ́ fún un."

Nọ́ọ̀sì sáré jáde lọ pe dókítà. Ìyá yí àga rẹ̀ padà, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

"Awọ tó kù," ó ní, "sọ ibi tó wà fún wọn."

Ó sọ ọ́.

Wọ́n gún àwọn méjèèjì lábẹ́rẹ́, wọ́n sì so omi mọ́ wọn lápá, ní bẹ́ẹ̀dì méjì tó kọjú síra. Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ibà Alápàárá ti rọlẹ̀, ó sì la ojú.

"Ẹ̀gbọ́n, tiyín náà ńkọ́? Ṣé kò dùn yín?"

Oníbàtà yíjú sí ògiri.

"Kò dùn mí," ni ó wí. "Kò dùn mí rárá. Ì bá wù mí kó dùn mí."