Ìwé Abẹ́ Kápẹ́ẹ̀tì

“Ẹ̀gbọ́n, òtútù yìí mà pọ̀ o. Ṣé ilẹ̀ yàrá yín ń gbóná dáadáa?”

Ìyá Gwangsik ló béèrè bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ń já orí ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ, ó ń fa ìfun rẹ̀ yọ, ó sì ń ju ìyókù sínú agbọ̀n. Iṣẹ́ tí òun àti Geumrye ti jọ ń ṣe láti ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn, nínú ṣẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́ja kan ní èbúté Samcheonpo, lórí àpótí kéékèèké tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àpótí kan ṣófo láàárín wọn. Ti Ìyá Haeju ni, àgbà gbogbo wọn, tí ìrora ìbàdí ti dá dúró sílé kí òtútù tó bẹ̀rẹ̀.

“Ó ń gbóná,” ni Geumrye dáhùn.

“Ẹ má ṣahun gáàsì tó ń mú ilẹ̀ gbóná o! Ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa. Egungun yín kì í ṣe ti ọmọge mọ́. Búláńkẹ́ẹ̀tì tí mo rà fún yín ńkọ́? Ṣé ibi tí mo ní kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sí náà ló wà?”

“Ibẹ̀ náà ló wà. Bí ìyá ọkọ lo ṣe ń yẹ̀ mí wò.”

Àwọn obìnrin tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí òtútù ti wọlé, kò sí ọjọ́ tí Ìyá Gwangsik kì í béèrè ilẹ̀ yàrá yìí, ìfẹ́ ni Geumrye sì kà á sí. Opó ni Geumrye. Ìlú mìíràn ni Yeonhui, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ń gbé. Ta ló tún kù tí yóò béèrè bóyá ara òun móoru?

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ fi wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Ìyá Gwangsik, onílé mi wá lánàá. Ó ní kí n fi ogún mílíọ̀nù wọ́ọ̀nù kún owó ìdógò ilé kí ọdún tó dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí n kó jáde. Mo mọ̀ pé ọjọ́ tí a jọ dá ti kọjá, mi ò sì yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ní báyìí, jọ̀ọ́, bá mi wá owó yẹn.”

Ọwọ́ Ìyá Gwangsik dúró lórí ẹja. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Owó wo, ẹ̀gbọ́n?”

Geumrye náà rẹ́rìn-ín, nítorí aláwàdà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. “Owó tí Gwangsik fi ṣí ṣọ́ọ̀bù adìẹ díndín ni. Ṣé o ti ń ṣarán ni? Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ayé o, ipò mi ni kó o fi sílẹ̀ fún mi.”

“Háà, ìyẹn! Èyí tí ẹ fi ta ọmọ mi lọ́rẹ. Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n. A ò lè gbàgbé yín láéláé.”

“Ọrẹ kẹ̀?”

“Àbí ìwé wà níbìkan ni?” Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. “Tí ìwé bá wà, ẹ gbé e wá, ká jọ kà á.”

Ó sì padà sídìí ẹja rẹ̀.

Nígbà tó délé, kò tíì bọ́ kóòtù tó fi kúnlẹ̀. Ó ká búláńkẹ́ẹ̀tì olódòdó ńláńlá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì gbé etí kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà sókè níbi tí ilẹ̀ ti gbóná jù lọ, ibi tí páìpù omi gbígbóná ti kọ́kọ́ wọlé. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń kó ohun iyebíye sí, ibẹ̀ ni ìyá ìyá rẹ̀ náà ń kó o sí, kò sì sí obìnrin kan lẹ́gbẹ́ wọn ní èbúté náà tó ń ṣe é lọ́nà mìíràn. Olè kì í rántí gbé ilẹ̀ tí ènìyàn ń sùn lé.

Ìwé náà wà níbẹ̀. Ó ṣí i. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ó gbé e síwájú fèrèsé. Funfun báláú ni ìwé náà, àfi ìtẹ̀ka pupa kan ṣoṣo nísàlẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀fọn lára ògiri. Ìtẹ̀ka Ìyá Gwangsik ni. Ìṣojú Geumrye ló ti tẹ̀ ẹ́, nínú yàrá yìí gan-an, nígbà ìrúwé. Ìyá Gwangsik fúnra rẹ̀ ló kọ gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú bírò tó mú jáde nínú báàgì rẹ̀: iye owó, ọjọ́ tí yóò san án, orúkọ wọn méjèèjì. Ó tilẹ̀ kà á sókè ketekete.

Ọmọ Geumrye ti kìlọ̀ lórí fóònù nígbà náà. “Màámi, ẹ jẹ́ kẹ́ ẹ jọ lọ síwájú lọ́yà tó ń fọwọ́ sí ìwé. Owó kékeré kọ́ lẹ fẹ́ yá ọ̀rẹ́ yín.” Geumrye sì ti bínú. Kí òun mú ọ̀rẹ́ òun lọ síwájú lọ́yà bí ẹni mú ọlọ́ṣà? Òun kò tilẹ̀ ya fọ́tò ìwé náà, kí ó má dà bíi pé òun kò gbà á gbọ́. Ó kàn ṣẹ́ ẹ mẹ́rin, ó sì fi bọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lójú Ìyá Gwangsik. Wọ́n jọ fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ibẹ̀ lowó yóò ti pa ọmọ bí ẹyin adìẹ.

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Geumrye ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti kékeré, kò sì rò ó rí pé ó kan òun. Ẹ̀rù bà á débi pé ó lọ ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, kò lọ síbi iṣẹ́. Ọ́fíìsì ìjọba àdúgbò ló lọ, níbi tí Lọ́yà Ban ti ń gba aráàlú nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin tí ojú rẹ̀ ti rẹ̀ ni. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà títí, ó sì ń yí ìwé funfun náà lọ́wọ́.

“Ṣé láti báǹkì lẹ ti fi owó ránṣẹ́?”

“Báǹkì ni.”

“Ó dára. Báǹkì lè jẹ́rìí pé owó lọ. Ṣùgbọ́n báǹkì ò mọ orúkọ tí owó náà ń jẹ́, bóyá yíyá ni tàbí ọrẹ ni. Ṣé ó kọ ọ̀rọ̀ kankan ránṣẹ́ sí fóònù yín lórí rẹ̀ rí?”

“Ojúkojú la máa ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ mi ló ń jókòó.”

“Hẹ̀n-ẹ́n.” Ó fi ìka kan ìtẹ̀ka pupa náà. “Ó tẹ̀ka lóòótọ́, ìyá mi. Ṣùgbọ́n kí ló tẹ̀ka sí?”

Omi bọ́ lójú Geumrye. Ọ̀dọ́kùnrin náà ti bébà ìnujú sí i. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé: “Níbo lẹ tọ́jú rẹ̀ sí?”

Geumrye sọ fún un. Ó sọ ti búláńkẹ́ẹ̀tì náà pẹ̀lú, àti ti ìbéèrè ojoojúmọ́ yẹn. Lọ́yà Ban gbé gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò.

“Bírò kan wà tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò,” ni ó wí. “Tí wọ́n bá ṣì kọ, wọ́n á fi ìdí rẹ̀ ha orí ìwé náà, ìkọ̀wé náà á sì pòórá. Kì í ṣe híha ló ń pa á rẹ́. Ooru tó ń jáde níbi híha náà ni. Ilẹ̀ tó gbóná gan-an, tí wọ́n tún da nǹkan nípọn bò, lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.” Ó rọra dá ìwé náà padà fún un. “Ṣùgbọ́n òtútù líle máa ń dá a padà nígbà mìíràn. Ẹ fi í sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ gbé e sínú fìríìsà títí di ọ̀la. Tó bá padà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e wá fún mi nínú yìnyín. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o.”

Nígbà tó ń jáde lọ, fóònù rẹ̀ dún. Ìyá Gwangsik ni.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ ò wá sí iṣẹ́. Ṣé òtútù ló mú yín? Ẹ lọ dùbúlẹ̀ lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì yín, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ilẹ̀ gbóná.”

“Mo ti gbọ́,” ni Geumrye wí, ohùn rẹ̀ kò sì jọ tirẹ̀ létí ara rẹ̀.

Nígbà tó jí láàárọ̀, ó yọ ọ̀rá náà láàárín ẹja wẹ́wẹ́ tó dì gbagidi. Ìkọ̀wé ti padà. Ó ṣá díẹ̀, ṣùgbọ́n ó padà: ogún mílíọ̀nù wọ́ọ̀nù, ọjọ́ tí yóò san án, Pyo Geumrye, àti Do Mansim, orúkọ Ìyá Gwangsik gan-an. Geumrye dúpẹ́ lọ́wọ́ òkè, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó tún un yà.

Inú fọ́tò náà ló ti rí i. Òtútù náà ti dá ìkọ̀wé mìíràn padà lábẹ́ ti òkè, tó fara hàn láàárín ìlà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àti ọwọ́ kan náà, iye owó nìkan ló yàtọ̀. Níbi tí wọ́n kọ orúkọ Pyo Geumrye sí, orúkọ mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀: Yang Bunok.

Ìyá Haeju nìyẹn.

Ìyá Gwangsik ti kọ́kọ́ kọ ìwé náà fún Ìyá Haeju. Bóyá ó ṣì í kọ ni, tó fi pa á rẹ́ tó sì mú òmíràn fún un, tó wá fi èyí pa mọ́ fún ẹlòmíràn. Kò tilẹ̀ fẹ́ fi bébà kan ṣòfò lórí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Geumrye kó yìnyín àti ìwé náà sínú kúlà oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀, ó sì jáde. Ọ̀nà ọ́fíìsì lọ́yà ló yẹ kó gbà, ṣùgbọ́n nígbà tó dé oríta ilé ìwẹ̀ gbogbogbòò, ó yà sí àdúgbò tí Ìyá Haeju ń gbé.

“Ta nìyẹn? Háà, Ìyá Yeonhui! Wọlé, wọlé, ti ilẹ̀kùn mọ́ òtútù,” ni ìyá arúgbó náà ké láti ilẹ̀ tó jókòó sí. “Wá ti ẹsẹ̀ rẹ bọ ibi tó móoru.”

Ó ká etí búláńkẹ́ẹ̀tì sókè fún àlejò rẹ̀. Olódòdó ńláńlá ni.

Geumrye kò lè jókòó. “Búláńkẹ́ẹ̀tì yìí dára o, ẹ̀gbọ́n.”

“Ìyá Gwangsik ni o. Ọmọ dáadáa. Ojoojúmọ́ ló ń pè mí: ‘Ẹ̀gbọ́n, ṣé ilẹ̀ yín ń gbóná?’ Ọmọ tí mo bí gan-an kì í bi mí bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ká kápẹ́ẹ̀tì yìí.”

Ẹ̀rín kúrò lójú Ìyá Haeju. Kò dìde. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ibi tí ilẹ̀ ti gbóná jù lọ, bí ẹni tó ń di nǹkan mú mọ́lẹ̀ kí wọ́n má gbé e lọ.

“Ta ló sọ fún ọ pé nǹkan wà níbẹ̀?”

Geumrye na ọwọ́ sára ògiri, ó sì pa ẹ̀rọ tó ń mú ilẹ̀ gbóná. Lẹ́yìn náà ló wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ṣí kúlà náà.