Ta Ni Yóò Dúró fún Ìyá Dókítà?

"Ta ló ni yín?"

Akọ̀wé tó wà lójú fèrèsé kò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò lára fọ́ọ̀mù nígbà tó béèrè bẹ́ẹ̀. Ìyá Dókítà wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe wí?"

"Mo ní ta ló ni yín. Ẹ ti kọ ọ́ síbí pé opó ni yín. Ó dáa, kí Ọlọ́run tẹ́ ọkọ yín sí afẹ́fẹ́ rere. Àmọ́ ta ló máa dúró fún yín pé ẹ ó padà sílé tí ẹ bá ti wo ìlú wa tán?"

"Èmi fúnra mi ni mo máa padà, ọ̀gá. Ọmọ mi ni mo fẹ́ lọ rí. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n máa wọ aṣọ funfun fún àwọn dókítà tuntun, òbí ọmọ ló sì máa ń wọ̀ ọ́ fún un. Bàbá rẹ̀ ti kú. Èmi nìkan ló kù."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ẹni tó ń dúró síbi tí ẹ dúró sí yẹn ló máa ń padà lẹ́nu, Màmá. Ẹ ní kí ẹni tí ẹ jọ wá bọ́ síwájú."

Ẹni tí wọ́n jọ wá wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni. Ìyálé ni tọmọdé tàgbà inú ẹbí ń pè é láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ti gbé ìyàwó kékeré yìí wọlé bá a. Orílẹ̀-èdè tí ọmọ náà ti ń kàwé kò ní ọ́fíìsì kankan nílé wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gba físà ìbẹ̀wò wọn, àfi kó kọ́kọ́ rìnrìn àjò dé orílẹ̀-èdè tó múlé tì wọ́n, kó wá ibi sùn níbẹ̀, kó sì tò síwájú fèrèsé onírin yìí láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ọjọ́ kejì táwọn obìnrin méjèèjì dé ìlú àlejò rèé.

Ti Ìyálé kò pẹ́ rárá nígbà tó kàn án. "Ọkọ yín ńkọ́?" "Ó wà nílé, ọ̀gá." "Ó wà láàyè?" "Ó wà láàyè." "Ó tó." Ni akọ̀wé bá fi fọ́ọ̀mù rẹ̀ sí apá ọ̀tún. Ọkọ tó wà nílé tó ń wo tẹlifíṣọ̀n ti ṣe onígbọ̀wọ́ láìdìde lórí àga.

"Ẹ̀yin Màmá yìí, ẹ wọ yàrá kejì," ni akọ̀wé sọ fún Ìyálé. "Ẹ̀yin nìkan o. Kí opó dúró síta."

Ìyá Dókítà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ dáadáa. Ẹ̀yin ni mo ní."

"Fọkàn balẹ̀ jàre, Ìyàwó. Ṣé èmi náà ni wàá máa bẹ̀ báyìí?"

Ká sọ òótọ́ ká má purọ́, owú ń pa Ìyálé. Aránṣọ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rin, ọkọ rẹ̀ sì wà láàyè. Alágbàfọ̀ ni ìyàwó kékeré. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń fọ aṣọ aláṣọ, tó ń lọ aṣọ aláṣọ, tí àpá áyọ́ọ̀nù ti kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ta ló yẹ kó máa jowú ta nínú wọn? Ẹ bi owú léèrè, kò ní dá yín lóhùn. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Ìyálé bí, ilé ẹ̀kọ́ olówó ńlá ni wọ́n rán an lọ, tí olùkọ́ tún ń wá bá a nílé nírọ̀lẹ́. Ó ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀mẹta, ó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ alágbàfọ̀ tó ń kàwé lábẹ́ aṣọ tútù tí omi ń kán sórí ìwé rẹ̀, òun ni wọ́n fún ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tó lọ kọ́ṣẹ́ ìṣègùn.

Ọjọ́ tí lẹ́tà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà dé ni ìyàwó kékeré ti di Ìyá Dókítà. Ọkọ Ìyálé ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ nídìí oúnjẹ, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Àwọn aládùúgbò gbè é lẹ́sẹ̀, àwọn oníbàárà náà bá wọn pè é, kódà ọmọ Ìyálé tí ẹ̀kọ́ kankan kò wọ̀ lórí mọ ìyẹn pè. Ní pálọ̀, wọ́n yọ àwòrán ìgbéyàwó Ìyálé kúrò níbi tí àlejò ti ń kọ́kọ́ rí i, wọ́n fi àwòrán ọmọ náà rọ́pò rẹ̀. Ìyálé fúnra rẹ̀ ló di òòlù mú, tó kan ìṣó. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kàn án. Ẹ̀yin náà mọ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí gan-an, ìyàwó kékeré ti jí ṣáájú, ó ti lọ aṣọ Ìyálé kó tó kan tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jáde nílé àlejò ni onílé kí wọn. "Ìyá Dókítà, ẹ kú oríire o!" Ó wá yíjú sí Ìyálé. "Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá? Kí ni ọmọ tiyín ń ṣe?" Ìyálé ní ó ń ṣòwò. Mọ́tò ẹlòmíràn ni ọmọ náà ń wà kiri. Ìbéèrè yẹn bá a dé ọ́fíìsì.

Yàrá kejì kò tóbi. Tábìlì kan, àga méjì, fáànù tó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti fáìlì tí wọ́n tò jọ láti ilẹ̀ dé ojú fèrèsé. Akọ̀wé wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó, ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì síta, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Fáìlì kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, Màmá."

Onílé àlejò ti kìlọ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kò ya Ìyálé lẹ́nu. Ó mú àpò ìwé méjì tí owó wà nínú wọn jáde nínú báàgì, tirẹ̀ àti èyí tí ìyàwó kékeré gbé fún un láàárọ̀ pé kó bá òun tọ́jú. Ó fi méjèèjì sínú dúrọ́ọ̀. Akọ̀wé fi orúnkún tì í padà.

"Ó dáa. Tiyín ti parí. Ti opó yìí ló kù. Ohun tí òfin wa wí ni pé ẹbí ọkọ ló máa dúró fún un. Ẹ fọwọ́ síbí, kí n lu òǹtẹ̀, kí ẹ máa lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ní ká máa bi yín. Ṣé ó máa padà?"

Ìyálé mú bírò. Ìbéèrè tó rọrùn ni. Obìnrin tó kó aṣọ oníbàárà jọ rẹpẹtẹ sílé, tó ti ṣèlérí fún kálukú wọn pé lọ́jọ́ Ajé lòun máa kó o fún wọn, ibo ló fẹ́ sá lọ? Ìyálé mọ èyí dájú. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó òun.

Àmọ́ gíláàsì kékeré kan wà lára ilẹ̀kùn, ojú Ìyálé sì bọ́ síbẹ̀. Ìyàwó kékeré ń fi àwòrán inú fóònù rẹ̀ han obìnrin kan lórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin náà, tó múra bí ìyàwó ọ̀gá báǹkì, dìde dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ alápàá áyọ́ọ̀nù náà mú. Ohùn rẹ̀ wọlé wá ketekete. "Háà! Ìyá Dókítà! Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ!"

Ìyálé yí ojú kúrò lára gíláàsì náà. Ní ìlú tí wọn ò ti mọ ẹnikẹ́ni náà!

"Ọ̀gá," ló wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú, "ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún lọmọ náà sì wà. Kò ní ọkọ tó ń dúró dè é nílé. Èmi ò lè fọwọ́ sí ohun tójú mi ò tó."

"Ṣé ẹ ní kò ní padà ni?"

"Èmi ò wí bẹ́ẹ̀ o!" Ó rọra gbé bírò sílẹ̀ lórí tábìlì. "Mi ò kàn lè dúró fún un ni."

Akọ̀wé wò ó díẹ̀. Kò yà á lẹ́nu rárá. "Ẹ̀yin ẹbí ọkọ," ló wí, ó ń mi orí, ẹ̀rín sì ń pa á, "ẹ máa ń bá wa dín iṣẹ́ kù gan-an ni." Ó kọ ìlà kan sínú fáìlì, ó fa ìwé ìrìnnà opó náà mọ́ra, ó lu òǹtẹ̀ pupa sí i. Ó lu aláwọ̀ ewé sí ti Ìyálé. Kò ṣí dúrọ́ọ̀ náà mọ́. Àpò ìwé méjèèjì ló gbà, físà kan ló fún wọn.

Òǹtẹ̀ pupa yẹn, ọdún márùn-ún ni. Ẹni tí wọ́n bá lù ú fún kò gbọdọ̀ dé iwájú fèrèsé náà kó tó di ìgbà yẹn.

Ìyá Dókítà kò ké, kò gbé ara ṣánlẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi àtàǹpàkò pa ojú òǹtẹ̀ náà bí ẹni tó ń gbìyànjú láti yọ àbàwọ́n lára aṣọ.

"Kí ni wọ́n ní mo ṣe, Ìyálé?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan. O ò rí wọn bí? Ìkà ni gbogbo wọn. Mo bẹ̀ wọ́n títí, ó ku díẹ̀ kí n kúnlẹ̀."

Ni ìyàwó kékeré bá dìde, ó dì mọ́ ọn, omijé rẹ̀ sì rin aṣọ tó lọ̀ fún un láàárọ̀. "Ẹ ṣé, Ìyálé mi. Ẹ ṣeun gan-an. Ọlọ́run á san án fún yín." Ó nu ojú. "Ẹ má bá mi padà o. Ẹ máa lọ. Kí ọmọ mi má baà dá nìkan dúró láàárín àwọn tó ní èèyàn. Ẹ̀yin náà, ìyá rẹ̀ ni yín."

Ṣé inú Ìyálé dùn? Ó dùn díẹ̀. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé e sọdá ààlà, ó tilẹ̀ ń ronú bóun ṣe máa rìn tóun bá gun orí pèpéle, irú ẹ̀rín tóun máa rín sí ayàwòrán. Ó ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tóun ṣe kò burú tó bẹ́ẹ̀, pé òótọ́ ni pé èèyàn kì í dúró fún ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kún fọ́fọ́. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé aṣọ funfun kan tí wọ́n ká dáadáa lé òbí kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Ojú aránṣọ kò sinmi. Ìyálé ti wo ojú rírán rẹ̀ kó tó jókòó, ó sì rí i pé wọ́n rán an dáadáa. Ọmọ náà jókòó tì í. Ojú rẹ̀ wú, ó ti sunkún. Fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́, ìyá rẹ̀ sì wà lójú fóònù náà, nídìí tábìlì ìlọṣọ nílé, ó ti wọ aṣọ tó fẹ́ wọ̀ wá.

"Mọ́mì àgbà, mo kọ̀wé fi ọ́fíìsì yẹn sùn," ni ọmọ náà wí. "Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń darí wọn níbí fèsì láàárọ̀ yìí. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ, mà." Ó tẹ ìwé kékeré kan tó tẹ̀ jáde sórí itan, ó kà á. "'A kò fún un ní físà nítorí pé ẹbí ọkọ rẹ̀ kọ̀ láti dúró fún un.' Ta ni wọ́n ń wí, mà? Ṣé wọ́n pe Dádì àgbà lórí fóònù ni?"

Ìyálé wo ìwé náà. Ọ̀nà kan ló rí níwájú rẹ̀, ó sì gbà á. "Ó lè jẹ́ pé wọ́n pè é. O mọ Dádì àgbà rẹ, kì í rò ó kó tó sọ̀rọ̀."

Wọ́n gbọ́ ohùn láti inú fóònù.

"Mo ti bi Dádì àgbà léèrè, Ìyálé. Ẹnì kankan ò pè wọ́n." Ìyá Dókítà sún mọ́ ojú fóònù. "Èmi àti ẹ̀yin nìkan la wà níbẹ̀."

Ohùn rẹ̀ kò le. Ì bá le, ì bá sàn fún Ìyálé. Ìyálé wo aṣọ funfun tó wà lórí itan rẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n pe orúkọ ọmọ náà láti orí pèpéle.

Ìyálé gbá aṣọ funfun náà mú, ó fẹ́ dìde. Ọmọ náà ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n gbà á, mà," ló wí. "Ẹ jókòó."

Ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lọ. Lórí pèpéle, ìyá àti bàbá yí gbogbo àwọn yòókù ká, wọ́n ń gbá wọn mọ́ra. Òun fi ọwọ́ kan gbé fóònù sókè kí ìyá rẹ̀ lè máa rí i, ó fi ọwọ́ kejì wá ihò apá aṣọ náà, ó tàsé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó wọ̀ ọ́ tán, kọ́là rẹ̀ ká sínú lẹ́yìn ọrùn, kò sì sí ẹni tó bá a tún un ṣe.

Obìnrin tó jókòó tẹ̀lé Ìyálé fara kàn án. "Ẹ jọ̀ọ́, dókítà yẹn ò ní ìyá ni?"

"Ó ní," ni Ìyálé dáhùn.

"Kí ló wá dé tí kò wá?"