Ibi Tó Gbóná Jù Nínú Yàrá Ìyá Ọkọ Mi

Bí ìrì dídì bá kọ́kọ́ bọ́ sórí ewé kábéèjì, inú mi a máa dùn bíi tọmọdé. Ewé á le, á máa dún ko-ko lábẹ́ ọ̀bẹ, ojú ọgbà á funfun bí ẹni da ìyẹ̀fun sí i. Ìgbà yẹn ni gbogbo ilé ní Jecheon, ìlú wa, máa ń ṣe kimchi, kábéèjì tí a fi iyọ̀ àti ata tọ́jú sínú ìkòkò, tí a ó jẹ títí òtútù yóò fi lọ. Ẹni kan ń fọ kábéèjì, ẹni kan ń gún ata, ẹni kan ń bó aáyù, gbogbo wa á máa kọrin. Orin tiwa nílé ọkọ mi kúrú. Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé wọn. Èmi á lé e láti inú ọgbà:

Ìrì dídì dé o, kí lẹ fi pamọ́?

Ìyá á sì gbè é láti inú yàrá:

Kábéèjì ń bẹ nílẹ̀, iná ń bẹ lábẹ́, a ó rí ewé tuntun.

Òótọ́ ni pé iná ń bẹ lábẹ́. Èédú oníhò là ń jó nínú ààrò ẹ̀yìn ilé, ooru àti èéfín rẹ̀ á gba abẹ́ ilẹ̀ yàrá kọjá, ilẹ̀ á lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ẹ̀bá ògiri tó sún mọ́ ààrò ló gbóná jù. Àgbà ilé ló ni ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í bá a du ibẹ̀.

Ọdún kejì tí mo wọlé ọkọ, ilẹ̀ ibẹ̀ yẹn là. Ìlà náà kò fẹ̀ ju òwú ìránṣọ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Ìyá gan-an ló wà. Tae-gil, ọkọ mi, fi ìka tọ́ ọ, ó ní òun máa fọ́ ibẹ̀ kí òun tó fi sìmẹ́ńtì dí i, pé yóò tó ọjọ́ mẹ́rin kó tó gbẹ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀túnla la fẹ́ ṣe kimchi, obìnrin mẹ́jọ ládùúgbò ń bọ̀ wá ràn wá lọ́wọ́. Mo ro ti àwókù ilẹ̀ níwájú àlejò, ojú ti ń tì mí sílẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lẹ bébà tuntun lé e ná. Tá a bá ti sin ìkòkò kimchi tán, ẹ ó wá fọ́ ọ."

Ó wò mí. Gbogbo wa la mọ ohun tí gáàsì èédú lè ṣe. Ní ọdún tó ṣáájú, ó pa tọkọtaya kan lẹ́yìn ọjà, wọ́n sùn, wọn ò jí mọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó tuntun ni mí, ọ̀rọ̀ mi ṣì ń dùn létí rẹ̀. Ó lẹ bébà náà, bébà líle tí a fi ń bo ilẹ̀ yàrá, a fi òróró pa á títí tó fi ń dán bíi pupa ẹyin. Èmi náà pààrọ̀ bébà tí a fi bo ara ilẹ̀kùn onígi wa, mo tẹ́ ewé òdòdó mẹ́ta láti inú ọgbà sáàárín rẹ̀ lẹ́bàá ibi tí a ń dì mú, kí ojú lè máa rí nǹkan tútù nígbà tí ìta bá gbẹ. Mo wá dí gbogbo ojú ihò tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé. Ilé wa dì pinpin. Mo jó yí i ká.

Àwọn obìnrin mẹ́jọ náà dé, wọ́n yin ilẹ̀ wa, a ṣe kimchi, a sin ìkòkò mẹ́ta dé ọrùn sínú ọgbà, a jẹ, a rẹ́rìn-ín.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ojú ọ̀run ṣú, ó sún mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́ rárá. Èéfín tó máa ń ti òrùlé wa gòkè kò lọ sókè, ńṣe ló ń ṣàn wálẹ̀ bí omi, ó ń rá kiri lórí ebè. Tae-gil ti lọ síbi iṣẹ́ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ìyá ní orí ń fọ́ àwọn. Mo ní ìnàró àná ni, kí wọ́n lọ nà síbi tó gbóná. Èmi fúnra mi ni mo ki èédú tuntun sínú ààrò, mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Mo gba ọgbà lọ láti sin ráádíṣì sínú kòtò, mo fi koríko ìrẹsì tẹ́ ẹ. Mo lé orin. Ìyá gbè é pé pérépéré.

Kò pẹ́ tí mo gbọ́ fàà. Ológbò wa ti fi orí ya bébà tuntun ara ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ Ìyá ló máa ń sùn sí láti ìgbà tí òtútù bá ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jáde, ó lọ jókòó sórí ọmọrí ìkòkò tí ìrì dídì bò, ó kọjú sí ilé, ó ń wò ó. Mo pè é, kò kúrò níbẹ̀.

Ìyá Chun-bok, aládùúgbò wa tó wá dá abọ́ padà, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ológbò yín mà ti dọlọ́rọ̀, ilẹ̀ gbígbóná ò wù ú mọ́. Kó máa bọ̀ nílé wa, tiwa tutù bí ẹsẹ̀ ọkọ mi."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nítorí ewé mẹ́ta mi tó ya ni inú ṣe ń bí mi. Mo bu ìrẹsì jíjinná, mo fi lẹ ihò náà padà láti ìta, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Mo padà sídìí kòtò. Mo lé orin.

"Kábéèjì ń bẹ nílẹ̀, iná ń bẹ lábẹ́," ni Ìyá wí, wọ́n dákẹ́ síbẹ̀. Mo rò pé oorun ń kùn wọ́n.

Mo to ráádíṣì mẹ́wàá, mo tún lé e. Ó pẹ́ kí ohùn tó jáde, ó sì wúwo. "Iná," ni wọ́n wí. "Iná."

Ìyá Chun-bok ní, "Ṣé Ìyá ń mutí láàárọ̀ ni?" Kò sẹ́rìn-ín lójú rẹ̀ mọ́. Ológbò kò tíì kúrò lórí ìkòkò.

Mo lé orin lẹ́ẹ̀kẹta. Mo dúró. Mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán lórí ewé.

Mi ò rántí bí mo ṣe débẹ̀. Mo fa ilẹ̀kùn ya tòun ti ewé mi, Ìyá sùn sórí ilẹ̀ dídán yẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn pọ́n, wọ́n rẹwà bí ìyàwó. Èmi mú apá, Ìyá Chun-bok mú ẹsẹ̀, a gbé wọn sáàárín ebè, níbi tí afẹ́fẹ́ tutù sí. Ìyá Chun-bok sáré lọ bu omi ráádíṣì oníyọ̀ nínú ìkòkò tiẹ̀, yìnyín ṣì wà nínú rẹ̀, nítorí ohun tí gbogbo wa gbà pé ó ń lé gáàsì jáde nìyẹn. Mo ń gbá wọn lẹ́rẹ̀kẹ́, mo ń kọrin sí wọn létí, n ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó lajú. Wọ́n bì, wọ́n wo ojú ọ̀run, wọ́n wo ewé tó wà lábẹ́ orí wọn.

"Ta ló jù mí sọ́gbà bíi kábéèjì?"

Mo sunkún títí ikun fi dí imú mi.

Ní ìrọ̀lẹ́, Tae-gil ká bébà náà. Ilẹ̀ ti ya bí ẹsẹ̀ adìẹ lábẹ́ rẹ̀, etí rẹ̀ dúdú. Kò bá mi wí. Ó kàn ń fọ́ ọ, ó ń kó o jáde, èmi náà ń bá a kó o. Ì bá kúkú bá mi wí.

Ìyá lo ọdún mọ́kànlá sí i. Wọ́n mọ iyọ̀ tó tó kábéèjì, wọ́n mọ orúkọ mi, wọ́n mọ ìkòkò tó yẹ ká kọ́kọ́ ṣí. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, tí ìrì dídì tún bọ́, mo lé orin láti inú ọgbà. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n yọjú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi.

"Orin yẹn mà dùn, ìyàwó. Ta ló kọ́ ọ?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Ìyá."

Wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa, pé mo kàn fẹ́ pọ́n àwọn lé. Wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Mo gbe orin náà fúnra mi, mo sì ń gé kábéèjì mi lọ.