Oògùn inú Ìgò Fólíìkì

"Ẹ gbé e mì, Ìyá Kíkẹ́. Hóró kan péré ni, kí ẹ̀rù má bàa bà yín tí dókítà bá gbé irin ìyọyín dé."

Nọ́ọ̀sì Morọ́láyọ̀ na ife omi sí i. Hóró oògùn náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ Títíloyè, òógùn ọwọ́ sì ti ń rẹ ẹ́. Fálíọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é, oògùn tó ń mú ọkàn balẹ̀, tó sì ń múni sùn.

Lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ rẹ̀ wúkọ́. Ikọ́ kọ́ o, ọ̀rọ̀ ni. Ògúnwálé kì í wúkọ́ lásán. Ohun tó ń sọ látorí bẹ́ǹṣì níta ni pé, rántí ohun tí a jọ sọ.

Ohun tí a jọ sọ! Ta ló bá a sọ ọ́? Òun nìkan ló dá a sọ ní kùtùkùtù, nígbà tó ka hóró méjì oògùn mìíràn lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ dípò ẹyọ kan tó máa ń lò lálaalẹ́. "Mu méjèèjì, kó o má lọ hùwàkíwà níwájú àna wa. Má sì dárúkọ oògùn yìí fún ẹnikẹ́ni." Títíloyè gbé méjèèjì mì. Kí ni kò tíì gbé mì nínú ilé náà?

Àna wọn ni nọ́ọ̀sì yìí lóòótọ́. Adéṣínà, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló fẹ́ gbé Kíkẹ́lọmọ, ọmọ wọn, níyàwó lóṣù tó ń bọ̀. Àwọn ẹbí Adéṣínà ti wádìí ìdílé Títíloyè títí dé Iléṣà: ṣé wọ́n ń dẹ́tẹ̀, ṣé wárápá ń gbé wọn, ṣé wèrè wà níbẹ̀. Wọn ò rí nǹkan kan. Báwo ni wọ́n ṣe máa rí i? Ògúnwálé ti bò ó mọ́lẹ̀ kí Kíkẹ́lọmọ tó hu eyín.

Ọmọ náà ò ju oṣù mẹ́fà lọ nígbà tí orí ìyá rẹ̀ dàrú. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ l'Abẹ́òkúta. Ògúnwálé sọ fún gbogbo ayé pé ìyàwó òun lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán n'Ìbàdàn. Títí di òní, Títíloyè ò lè rán aṣọ ìnulẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó wá sí Benin, ọkọ rẹ̀ ń ra oògùn tí wọ́n ní kó máa lò lálaalẹ́, ó ń dà á sínú ìgò fólíìkì, oògùn aboyún, kí àlejò tó bá rí i má bàa béèrè nǹkan kan. Obìnrin ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, ó ṣì ń lo oògùn aboyún! Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Ògúnwálé ti fi ọdún méjì lé.

Títíloyè ì bá sì gbé Fálíọ́ọ̀mù náà mì, bí kì í bá ṣe ti ọdún 1974. Lọ́dún náà, ó mu oògùn ikọ́ kan lé ti alẹ́ rẹ̀, ó sì sùn láti alẹ́ Sátidé di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Nígbà tó lajú, ọkọ rẹ̀ ló rí lórí àga lẹ́nu ilẹ̀kùn, Bíbélì lórí itan, kọ́kọ́rọ́ ń mì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbé e lọ sọ́sibítù. "Wọ́n á bi mí léèrè ohun tó o mu," ló wí. Kí wọ́n má bàa bi í ní ìbéèrè, kí ìyàwó kú sórí bẹ́ẹ̀dì.

Nísinsìnyí, ahọ́n Títíloyè ti wúwo. Méjì àárọ̀ yẹn ti ń ṣiṣẹ́.

"Káàdì yín ní ẹ kì í lo oògùn kankan," ni Morọ́láyọ̀ wí. "Àbí ó yí padà?"

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá gba káàdì, Ògúnwálé ló dáhùn gbogbo ìbéèrè. Òun ni ọkọ. Ta ló máa bi ìyàwó?

Títíloyè ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ ìgò náà jáde. Nọ́ọ̀sì ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Fólíìkì? Ẹ̀jẹ̀ yín ló lọ sílẹ̀ ni? Kò séwu níbẹ̀. Ẹ gbé e mì, àna mi."

Ọ̀nà àbáyọ rèé, ó tẹ́jú, wọ́n tilẹ̀ ti gbá a. Inú bí Títíloyè gidigidi. Inú bí i sí ọkọ rẹ̀, ó bí i sí ìgò náà, ó sì bí i sí ọwọ́ ara rẹ̀ tó fẹ́ máa gbé oògùn lọ sẹ́nu.

"Kì í ṣe fólíìkì."

Ògúnwálé ti dìde, ó ti wọlé. "Ẹ má dá a lóhùn, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀rù eyín yìí ló ń bà á."

"Lágátíìlì ni, oògùn àrùn ọpọlọ," ni Títíloyè wí. "Orí mi dàrú nígbà tí mo bí Kíkẹ́lọmọ, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti tọ́jú mi. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń lò ó. Méjì ni mo mu láàárọ̀ yìí. Tí mo bá mu tiyín lé e, mo lè má jí."

Morọ́láyọ̀ mú hóró Fálíọ́ọ̀mù náà kúrò ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ," ni Ògúnwálé wí. "Ṣé ohun tó o fẹ́ kí wọ́n máa sọ sí ọmọ rẹ nìyẹn?"

"Bàbá Kíkẹ́, nínú yàrá yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ pè mí ní wèrè."

Morọ́láyọ̀ fa ìlà pa ohun tó wà lórí káàdì, ó kọ òmíràn. Ó kọ ọ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló tó gbójú sókè. "Iṣẹ́ ni mò ń ṣe níbí. Ohun tó wà nínú káàdì, inú káàdì ló máa wà. Àmọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi bá fi ẹnu ara rẹ̀ bi mí nílé, mi ò ní purọ́."

"Ẹ má purọ́ nítorí mi. Mo ti jẹ irọ́ yó."

Dókítà, ará Benin kan tó ga bí òpó, wọlé wá ka káàdì náà, ó mi orí. "Madam, na God say make you talk. If I join this one with that one, you for sleep tire for my hand." Ó ní kí wọ́n dúró di ọ̀sán, kí oògùn àárọ̀ rọlẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń pa erìgì kú nìkan ló fún un, ó sì yọ eyín tó ń dà á láàmú náà ní ègé mẹ́ta. Títíloyè di apá àga mú, ó ń ka ìyẹ́ fáànù òkè: mẹ́ta ni, ọ̀kan ti tẹ̀.

Nígbà tí takisí wọn dé àdúgbò New Benin, òwú ṣì kún ẹnu rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ò dákẹ́ láti ọsibítù. Ó ní ìgbéyàwó ti bàjẹ́. Ó ní kí ni wọ́n fẹ́ wí fún Kíkẹ́lọmọ tó bá ti ibi tó ń gbé l'Ekosodin dé lópin ọ̀sẹ̀. Títíloyè mọ ohun tí òun máa wí fún un, àmọ́ wọ́n ní kó má lanu fún wákàtí kan. Ó gbé ìgò náà sórí itan, ó fi èékánná bẹ̀rẹ̀ sí í ha bébà fólíìkì ara rẹ̀.

"Fi í sílẹ̀. Dírẹ́bà ń wò wá."

Ó ń ha á lọ. Bébà náà ń já wẹ́wẹ́ sórí ìró rẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, kò gbọ̀n. Kò gbọ̀n lórí àga dókítà náà, láìsí Fálíọ́ọ̀mù. Ó wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lórí orúnkún. Ó ń gbọ̀n, bó ti ń gbọ̀n lára kọ́kọ́rọ́ lọ́dún 1974, tí Títíloyè rò pé ìbínú ni.

Ó wò ó títí. Nínú àwọn méjèèjì, ta gan-an lẹ̀rù ti ń bà láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá?

Ó padà sídìí ìgò rẹ̀. Ó ku igun kan.